Ìkíni Ọjọ́ Kìn-ín-ní Níbi Iṣẹ́ Tuntun ní Accra: Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

1.0 Ìfáàrà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kọ́kọ́ wọ ọ́fíìsì tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni ni òwe yìí máa ń yé e jù. Kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ bí ó ti mọ iṣẹ́ tó, wọn yóò ti gbọ́ bí ó ṣe kí wọn. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó gba iṣẹ́ ní Accra, olú-ìlú Gánà, wò, pẹ̀lú ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ èdè ti kọ́ ọ kí ó tó lọ. Èrò tí a gbé kalẹ̀ ni pé níní ọ̀wọ̀ lọ́kàn nìkan kò tó. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ibi tí èdè kọ̀ọ̀kan ń gbé ọ̀wọ̀ sí nínú ọ̀rọ̀.

2.0 Yorùbá àti Gánà
Àjọṣe yìí ti pẹ́, ó sì ní ọgbẹ́ nínú. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Yorùbá ni ó fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Ní oṣù kìíní, 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ọmọ Gánà, báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ 'Ghana-Must-Go' títí di òní. Síbẹ̀, àdéhùn ECOWAS ti 1979 ṣí ọ̀nà sílẹ̀, àwọn ilé ìfowópamọ́ Nàìjíríà bíi Zenith (2005) àti GTBank (2006) sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá wọ ọ́fíìsì ní Accra lónìí ń bá ìtàn yìí wọlé, ó mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

3.0 Ibi tí Ọ̀wọ̀ Wà
Nínú èdè Yorùbá, arọ́pò-orúkọ ni ó ń ru ọ̀wọ̀. Bí àgbà tí à ń bá sọ̀rọ̀ tilẹ̀ jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo, 'ẹ' ọlọ́pọ̀ ni a óò lò, kì í ṣe 'o'. Èdè Akan, tí ó gbòde ní Accra bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ga ni èdè onílùú, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìlò ojoojúmọ́. 'Wo' tí ọmọdé ń gbọ́ ni àgbà náà ń gbọ́. Bí ọ̀dọ́ bá bi àgbà pé 'Wo ho te sɛn?', ìyẹn 'Ṣé àlàáfíà ni?', kò rí i fín.

Ibòmíràn ni Akan ń gbé ọ̀wọ̀ sí. Èkínní ni 'mepa wo kyɛw', tí ìpìlẹ̀ ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ 'mo ṣí fìlà fún ọ', tí wọ́n sì ń lò bí a ti ń lo 'ẹ jọ̀wọ́'. Wọ́n ń fi í ṣáájú ìbéèrè àti ìdáhùn pàápàá. Àṣà yìí hàn nínú Gẹ̀ẹ́sì wọn, níbi tí 'please' ti máa ń ṣáájú 'yes' tàbí 'no'. Èkejì ni ìdáhùn ìkíni. Bí ẹnìkan bá sọ pé 'Maakye' (ẹ káàárọ̀), irú ẹni tí olùkíni jẹ́ ni ìdáhùn yóò tẹ̀ lé:

(1) a. Yaa agya: fún ọkùnrin tí ó tó baba ẹni
b. Yaa ɛna: fún obìnrin tí ó tó ìyá ẹni
d. Yaa nua: fún ẹgbẹ́ ẹni

Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọ́fíìsì, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. 'You' kò ní ẹyọ àti ọ̀pọ̀; nítorí náà 'ẹ' ọmọ Yorùbá á sọnù sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n 'mepa wo kyɛw' ti ọmọ Gánà á di 'please', kò ní sọnù. Ọmọ Yorùbá tí ó béèrè fáìlì láìfi 'please' sí i kò ní in lọ́kàn láti rí ẹnikẹ́ni fín, ṣùgbọ́n etí tí ó gbọ́ ọ lè gbà pé àṣẹ ni ó ń pa.

4.0 Ohun tí ó Bára Mu
Kì í ṣe ìyàtọ̀ nìkan ni ó wà. 'Ẹ kú iṣẹ́' ní èkejì nínú 'Ayekoo'. Bí Yorùbá ti ń pe ẹni tí ó bá a lẹ́nu oúnjẹ pé kí ó wá jẹun, tí ìyẹn ń dáhùn pé 'á gba ibi ire', bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Gánà ń sọ pé 'You are invited'. Àwọn méjèèjì kórìíra kí a fi ọwọ́ òsì fún ènìyàn ní nǹkan. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn bá jókòó lẹ́sẹẹsẹ, láti apá ọ̀tún ni a ti ń bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ sí òsì ní Gánà.

5.0 Kíkọ́ Ọ ní Kíláàsì
(i) Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìkíni àti ìbéèrè Yorùbá mẹ́wàá sílẹ̀, kí wọ́n fa ìlà sí ọ̀rọ̀ tí a bá yọ kúrò tí yóò di àrífín.
(ii) Kí wọ́n túmọ̀ wọn sí Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n sọ ohun tí ó sọnù àti ohun tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.
(iii) Kí wọ́n ṣe eré oníṣẹ́ tuntun tí ó bá ìyá àgbàlagbà kan, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, àti ọ̀gá tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí nínú ọ́fíìsì.
(iv) Nínú ìdánwò, kí máàkì wà fún ìbámu ìkíni pẹ̀lú ẹni tí a kí, kì í ṣe fún iye ìkíni tí akẹ́kọ̀ọ́ há sórí.

6.0 Àgbálọgbábọ̀
Àjèjì lójú, kò fi ríran. Iṣẹ́ olùkọ́ èdè ni láti ràn án lọ́wọ́ kí ó lè ríran. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ìdí tí òun fi ń sọ 'ẹ' fún àgbà yóò wá ohun tí ó dúró fún un nínú èdè tí ó bá lọ bá. Láàárín orílẹ̀-èdè méjì tí ó ti lé ara wọn rí, irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí a gba àjèjì gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ láti ọjọ́ kìn-ín-ní.