Ìkúnwọ́ Ìyẹ̀fun: Ẹ̀kọ́ fún Ìgbà Ọ̀wọ́n

Ẹ ka: 1 Àwọn Ọba 17:8–24.

Ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa, a kò ní láti sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìgbà le. Láti ọdún 2023, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ mú owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù kúrò, tí agbára náírà sì rẹlẹ̀, owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ti di ìkérora nínú ilé púpọ̀. Ìṣirò ìjọba ní àárín ọdún 2024 fi hàn pé láàrin ọdún kan péré, iye owó oúnjẹ ti fi ju ìdá 40 nínú 100 lọ sókè. Àwọn àgbà wí pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ fi obìnrin kan hàn wá tí ebi wọ inú rẹ̀, tí ọ̀rọ̀ Olúwa sì tún rí àyè níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kọ́ lára rẹ̀ ni èyí: ọ̀wọ́n kì í tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin ìfẹ́.

Èkínní. Ẹ kíyè sí ibi tí a rán Èlíjà lọ. Sáréfátì wà ní ilẹ̀ Sídónì, ilẹ̀ baba Jésébẹ́lì, ọ̀tá àwọn wòlíì. Kì í sì í ṣe ọlọ́rọ̀ ni Olúwa rán an sí níbẹ̀, bí kò ṣe opó tí ó ń ṣa igi láti se oúnjẹ ìkẹyìn fún ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé, “Nígbà tí mo bá ní tó ni èmi yóò ṣàánú.”

Èkejì. Ìkòkò ìyẹ̀fun náà kò tán, ṣùgbọ́n a kò kà á níbi kankan pé ó kún. Oúnjẹ òòjọ́ ni Olúwa fi fún wọn. Ẹni tí ó bá ń wàásù pé ìgbàgbọ́ a máa sọ tálákà di olówó lọ́sàn-án kan òru kan, kò rí i nínú orí yìí. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ kò dí ọ̀nà mọ́ ìbànújẹ́: lẹ́yìn èyí ni ọmọ opó náà kú, kí Olúwa tó dá ẹ̀mí rẹ̀ padà.

Ẹ̀kẹta. Kí àwa tí a jẹ́ olórí nínú ìjọ fi ìbẹ̀rù ka ẹsẹ 13. Àkàrà kékeré ni Èlíjà bèèrè. Ó sì bá wọn gbé, ó jẹ ohun tí wọ́n jẹ. Ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ yìí gba owó oúnjẹ lọ́wọ́ opó, tí kò sì bèèrè ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ sùn, kò rìn ní ọ̀nà Èlíjà.

Àpẹẹrẹ kan wà ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1853 ni David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ C.M.S. rán, àti Anna aya rẹ̀ wá tẹ̀dó sí Ìbàdàn. Kúdẹtì ni wọ́n kọ́lé sí. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etí òkun dí mọ́ wọn. Ẹ̀wà, epo pupa àti ata ni ó di oúnjẹ wọn, wọ́n sì ń ta ẹrù ilé wọn láti rí owó ẹyọ ná. Síbẹ̀ wọn kò fi iṣẹ́ ìjọ àti àwọn ọmọ tí wọ́n ń tọ́ sílẹ̀. Ní 1865 ni ìrànlọ́wọ́ tó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú dé ọ̀dọ̀ wọn láti Èkó. Nígbà tí wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1869, ìjọ náà kò túká. Daniel Olúbí, ọmọ ilẹ̀ wa tí ó ti bá wọn jẹ nínú ìyà náà, ni ó ń ṣe olùṣọ́ rẹ̀. A rí i pé irúgbìn tí a gbìn nígbà ìyàn a máa so èso.

Njẹ́ kí ni kí àwa ṣe? Kí oníṣòwò má ṣe tẹ ìdí kóńgò rẹ̀ wọnú nítorí pé ọjà wọ́n. Kí ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ má ṣe dá owó iṣẹ́ dúró. Kí olùkọ́ wo ojú ọmọ tí kò ka ìwé rẹ̀ dáradára, bóyá ebi ni, kí ó tó mú pàṣán. Kí olúkúlùkù ẹgbẹ́ nínú ìjọ mọ ilé opó tí ó sún mọ́ ọn, kí ó sì lọ síbẹ̀ láìfun fèrè.

Ìbéèrè fún kíláàsì:
1. Èéṣe tí Olúwa kò fi rán Èlíjà sí ọlọ́rọ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ìkòkò tí ó kún àti ìkòkò tí kò tán?
3. Ta ni ó wà ní àdúgbò wa tí a lè bá pín ìkúnwọ́ tiwa lọ́sẹ̀ yìí?

Kí Olúwa tí ó bọ́ opó Sáréfátì la ojú wa sí aládùúgbò wa, kí ó má sì jẹ́ kí ìkòkò ẹnikẹ́ni nínú wa ṣófo. Àmín.