Fóònù Tí Wọ́n Ti Rúùtù àti Àtúnṣe Tí Iléeṣẹ́ Fi Ránṣẹ́

Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Òwe yìí bá ẹ̀kọ́ wa ti òní mu. Púpọ̀ nínú wa ló mọ fóònù tẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ń lọ lẹ́yìn gíláàsì rẹ̀ kò yé wa. Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe ń pè ní rúùtù, ìdí tí àtúnṣe tí iléeṣẹ́ ń fi ránṣẹ́ kì í fi í bá irú fóònù bẹ́ẹ̀ rẹ́, àti bí ènìyàn ṣe lè gba àtúnṣe náà láì ba nǹkan jẹ́.

Kí n tó wọ inú ẹ̀kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n. Ní oṣù Kejì ọdún 2023, owó náírà di ohun àwátì. Ẹ ó rántí pé owó tuntun bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní ọjọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 2022, tí wọ́n sì ní kí a dá owó àtijọ́ padà sí báńkì. Títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023, tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé owó àtijọ́ ṣì ṣe é ná di ìparí ọdún náà, ojú mẹ̀kúnnù rí màbo. Màmá mi ń ta èlùbọ́ àti gàrí ní ọjà Sábọ́n Gàrí, ní Kánò, ìlú tí wọ́n gbé bí mi. Oníbàárà ìbáà jẹ́ Haúsá, Ìbò tàbí Yorùbá, láti inú fóònù ló ti ń fi owó ránṣẹ́ ní àkókò yẹn. Ẹni tí áàpù báńkì rẹ̀ kò bá ṣiṣẹ́, kó káṣọ bo ọjà rẹ̀ ló kù.

Fóònù tòkunbọ̀ ni màmá mi ń lò. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ti bá a rúùtù rẹ̀ kí àyè lè wà nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, áàpù báńkì yarí, ó ní òun kò lè ṣiṣẹ́ lórí irú fóònù yẹn mọ́. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, fóònù ń kéde pé àtúnṣe tuntun ti dé. Èmi tí mo rò pé mo gbọ́n, mo ní bóyá àtúnṣe náà ni yóò tún ọ̀rọ̀ báńkì ṣe. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gbà á wọlé tán, ó kú, ó tún tàn, ṣùgbọ́n ojú ewé àjèjì kan ló gbé jáde. Bí a bá pa á tí a tún tàn án, ojú ewé kan náà ni. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni màmá mi fi ń bẹ ìyá tó wà ní ìsọ̀ kejì pé kó bá òun gba owó sínú àkáǹtì tirẹ̀. Nígbà tí a sì rí fóònù náà tún ṣe, gbogbo ohun inú rẹ̀ ti pa rẹ́: nọ́ńbà àwọn oníbàárà, àti orúkọ àwọn tó jẹ màmá mi lówó. Wọn kò nà mí, wọn kò bú mi. Wọ́n kàn ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o bi fóònù léèrè kí o tó tẹ̀ ẹ́?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni kókó ẹ̀kọ́ yìí.

1. Kí ni rúùtù?

Android tó wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù wa, orí Linux ni wọ́n kọ́ ọ lé. Nínú Linux, àti nínú Unix tó ṣáájú rẹ̀, aṣàmúlò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ root, ìyẹn gbòǹgbò ní èdè wa. Kò sí ìlẹ̀kùn tí kò lè ṣí, kò sì sí ohun tí kò lè pa rẹ́.

Ẹ fi ojú inú wo àwọn ilé ńlá wa ní Sábọ́n Gàrí. Yàrá lè tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ilé kan, ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ẹni tó wà ní yàrá kìíní kò lè ṣí yàrá kejì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Android ṣe fún áàpù kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, kí áàpù eré má baà yọjú sínú áàpù báńkì. Onílé nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣí gbogbo yàrá. Àwa tí a ra fóònù, bí ayálégbé ni iléeṣẹ́ ṣe kà wá sí; wọn kì í fún wa ní kọ́kọ́rọ́ onílé. Ẹni tó bá rúùtù fóònù ti gba kọ́kọ́rọ́ náà.

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń ṣe é pọ̀. Àwọn kan fẹ́ yọ àwọn áàpù tó bá fóònù wá láti iléeṣẹ́, tí kò ṣe é yọ lásán. Àwọn mìíràn fẹ́ pààrọ̀ irú lẹ́tà tí fóònù ń lò, nítorí pé lórí àwọn fóònù àtijọ́, lẹ́tà Yorùbá tó ní àmì lórí àti àmì nísàlẹ̀ lè di àpótí lásán. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn rúùtù fóònù ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó mọ ohun tó ṣe.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é ti yí padà. Láyé àtijọ́, SuperSU àti àwọn bíi tirẹ̀ máa ń fi fáìlì tiwọn sí àárín fáìlì iléeṣẹ́ gan-an. Ní ọdún 2016, John Wu gbé Magisk jáde. Èyí kì í fọwọ́ kan fáìlì iléeṣẹ́. Apá kékeré tí fóònù fi ń tàn, tí wọ́n ń pè ní boot, nìkan ló ń yí padà. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, ẹ fi í sọ́kàn. Àwọn áàpù kan tún wà tó ń sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ àwọn. Ihò tó wà lára ògiri fóònù ni irú wọn ń gbà wọlé. Bí àlejò bá lè gba ihò wọlé, olè náà lè gba ibẹ̀.

2. Ìdí tí àtúnṣe kì í fi í bá a rẹ́

Ẹ má ṣe rò pé faaji ni àtúnṣe. Ní ọdún 2015, wọ́n rí àléébù kan tí wọ́n sọ ní Stagefright, èyí tó lè jẹ́ kí ọ̀daràn fi fídíò tó fi ránṣẹ́ gba agbára lórí fóònù ẹlòmíràn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún náà ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àtúnṣe ààbò jáde lóṣooṣù. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé òun kò ní gba àtúnṣe mọ́ nítorí pé òun ti rúùtù, ó fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí sùn ni.

Báwo wá ni àtúnṣe ṣe ń ṣiṣẹ́? Kí dátà má baà pọ̀ jù, iléeṣẹ́ kì í sábà fi odindi ránṣẹ́. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti àtijọ́ àti tuntun nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Ó dà bí télọ̀ tó ní ìwọ̀n aṣọ yín lọ́wọ́, tó wá gé ìlẹ̀pa síbi tó ya. Bí ẹ bá ti gbé aṣọ náà fún télọ̀ mìíràn pé kó bá yín dín in kù, ìlẹ̀pa ti àkọ́kọ́ kò ní bá a mu mọ́.

Láti ìgbà Android 5.0 ní ọdún 2014 ni ìwọ̀n yìí ti le sí i. Kì í ṣe fáìlì kọ̀ọ̀kan ni àtúnṣe ń yẹ̀ wò mọ́; odindi apá tí fáìlì wà ló ń wọ̀n. Bí ohun tó kéré jù lọ níbẹ̀ bá ti yí padà, ó di kò gbà. Ìyẹn ni pé àtúnṣe pàápàá ń bi fóònù léèrè kó tó wọlé: "Ṣé bí mo ṣe fi ọ́ sílẹ̀ náà lo ṣì wà?" Fóònù tí wọ́n ti rúùtù kò lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀kan nínú mẹ́ta ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀:

(a) Fóònù yóò kọ̀, yóò sọ pé àtúnṣe kò ṣe é ṣe. Èyí ló sàn jù, nítorí pé kò sí ohun tó bàjẹ́.

(b) Àtúnṣe yóò wọlé, ṣùgbọ́n rúùtù yóò lọ, nítorí pé boot tuntun ti gba ipò boot tí wọ́n yí padà.

(d) Fóònù yóò há sójú kan. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí èmi. Ẹni tó rúùtù fóònù màmá mi ti pààrọ̀ recovery, ìyẹn ibi tí àtúnṣe ti ń ṣiṣẹ́. Àtúnṣe ránṣẹ́ sí ibẹ̀, ó bá àjèjì tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Iṣẹ́ kò parí, fóònù sì ń padà síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

3. Bí a ṣe lè gbà á láì ba nǹkan jẹ́

Òfin kan ṣoṣo ló bo gbogbo rẹ̀: dá fóònù padà sí bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é, kí o tó gba ohun tí iléeṣẹ́ fi ránṣẹ́. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí.

Èkíní, ẹ kó ẹrù yín jáde. Ẹ da àwòrán, nọ́ńbà àti ọ̀rọ̀ WhatsApp yín kọ sórí kọ̀ǹpútà tàbí káàdì mìíràn. Ìgbésẹ̀ yìí ni mo fò, òun ló sì dùn mí jù.

Èkejì, ẹ bi fóònù léèrè. Kí ni nọ́ńbà irú rẹ̀ gan-an? Android wo ló wà lórí rẹ̀? Magisk ni wọ́n fi rúùtù rẹ̀ ni, àbí ohun mìíràn? Ṣé recovery rẹ̀ ṣì jẹ́ ti iléeṣẹ́? Ṣé ó ní ìjókòó méjì? Láti Android 7.0 ní ọdún 2016 ni àwọn fóònù kan ti ní apá méjì tí wọ́n ń pè ní A àti B. Bí ẹ ti ń lo A, àtúnṣe ń wọ inú B. Bí B kò bá lè tàn dáadáa, fóònù yóò padà sí A.

Ẹ̀kẹta, ẹ pa àtúnṣe tó ń dá wọlé fúnra rẹ̀, kí ó má baà já lù yín. Ẹ rí i pé bátìrì kún dáadáa, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé iná NEPA.

Ẹ̀kẹrin, bí fóònù bá ní A àti B, tó sì jẹ́ Magisk nìkan ló fọwọ́ kàn án, ẹ ṣí Magisk, ẹ yan Uninstall, kí ẹ wá yan Restore Images. Ẹ má tíì pa fóònù kí ẹ tún un tàn. Ẹ lọ sí Settings kí ẹ gba àtúnṣe. Nígbà tó bá ní kí ẹ tún fóònù tàn, ẹ má dá a lóhùn. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rúùtù, ẹ padà sí Magisk, ẹ yan Install, kí ẹ yan èyí tó dárúkọ Inactive Slot. Ẹ̀yìn èyí ni kí ẹ tó tún un tàn.

Ẹ̀karùn-ún, bí fóònù kò bá ní A àti B, tàbí tí wọ́n ti fọwọ́ kan fáìlì iléeṣẹ́, ẹ wá odindi sọ́fítíwíà tó jẹ́ ti irú fóònù náà gan-an, kí ẹ fi kọ̀ǹpútà gbé e lé e. Ní ti Samsung, Odin ni wọ́n ń lò. Nínú fáìlì rẹ̀, HOME_CSC kì í pa ohun inú fóònù rẹ́, ṣùgbọ́n CSC lásán yóò pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ wo orúkọ fáìlì náà lẹ́ẹ̀mejì.

Èèwọ̀ méjì ló kù. Ẹ má ṣe gbé sọ́fítíwíà tó pẹ́ ju ti orí fóònù lọ lé e, nítorí pé àwọn fóònù kan kì í padà sẹ́yìn, wọ́n lè kú. Ẹ má sì ṣe ti bootloader padà nígbà tí ohun àjèjì bá ṣì wà nínú fóònù. Ó lè kú pátápátá.

4. Fóònù tó ń ru owó

Ìbéèrè tó kù ni pé, ṣé ó yẹ kí fóònù tí a fi ń gba owó ní rúùtù? Èrò tèmi ni pé kò yẹ. Àwọn áàpù báńkì lè béèrè lọ́wọ́ Google, nípasẹ̀ Play Integrity, bóyá fóònù ṣì wà bí iléeṣẹ́ ṣe ṣe é. Àwọn kan ń kọ́ bí a ṣe lè fi rúùtù pamọ́ fún un, ṣùgbọ́n ohun tó ṣiṣẹ́ lónìí lè kọ̀ lọ́la, bóyá nígbà tí oníbàárà dúró lórí ìdúró. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kí ó wá fóònù mìíràn tí ọkàn rẹ̀ kò so mọ́.

Bí ẹ bá sì ń ra tòkunbọ̀, ìbáà jẹ́ ní Farm Centre tàbí ní Beirut Road, ẹ má wo ara dídán nìkan. Ẹ pa á kí ẹ tún un tàn níṣojú ẹni tó ń tà á. Bí ó bá kìlọ̀ pé bootloader ti ṣí, ẹ béèrè ìdí. Ẹ lọ sínú Play Store, ní Settings, lábẹ́ About, kí ẹ wò ó bóyá ó sọ pé fóònù náà ní ìwé ẹ̀rí. Ní ti Samsung, bí Knox bá ti kúrò ní 0x0 tó di 0x1, kò sí ẹni tó lè dá a padà. Bí ẹ tilẹ̀ dá sọ́fítíwíà rẹ̀ padà, àmì yẹn kò ní parẹ́.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibi tí mo bá ẹ̀kọ́ yìí dé nìyí. Rúùtù kì í ṣe ohun búburú, àtúnṣe pàápàá kì í ṣe ọ̀tá. Kí àwọn méjèèjì pàdé láìmọ ara wọn ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ kó ẹrù jáde, ẹ dá ilé padà fún onílé, kí ẹ tó pe ẹni tí yóò tún un ṣe.

Màmá mi ṣì wà ní ìsọ̀ wọn. Fóònù ọwọ́ wọn báyìí kò ní rúùtù, orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sì wà nínú ìwé kékeré kan lábẹ́ àpò gàrí. Wọ́n ní ìwé kì í gba àtúnṣe.