Ẹ̀KỌ́ KEJÌLÁ: ALẸ́ Ẹ̀BÙN TÍÁTÀ

Ìlú wa ni Datcha, nítòsí Atakpamé, ní ilẹ̀ Tógò. Ní ìparí ọdún ilé-ìwé, àwọn kíláàsì díje nínú orin àti ijó. Kíláàsì wa kọrin, a sì jó. Ṣùgbọ́n kíláàsì mìíràn ni ó gba ẹ̀bùn ńlá. Mo sunkún títí mo fi dé ilé.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti Amẹ́ríkà wá kí wa. Ó bi mí pé, "Kí ló dé, ọmọ mi?"

Mo ní, "Bàbá, wọn kò fún wa ní ẹ̀bùn ńlá."

Ó ní, "Jókòó tì mí. Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan fún ọ."

"Mo fẹ́ràn eré orin púpọ̀. Ní New York, tíátà pọ̀ ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Broadway. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń fún àwọn eré tó dára jù ní ẹ̀bùn kan tó ń jẹ́ Tony. Tẹlifíṣọ̀n máa ń fi í hàn.

"Ní ọdún 2010, eré kan wà tó ń jẹ́ Fela! Ó sọ ìtàn Fẹlá Aníkúlápó Kútì, olórin Yorùbá, ọmọ Abẹ́òkúta. Wọ́n dárúkọ eré náà fún ẹ̀bùn mọ́kànlá. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà, èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ní New York. Ní Datcha, aago méjìlá òru ni. Àwọn ará ilé ń sùn, àwa ń pàtẹ́wọ́!

"Bill T. Jones, ẹni tó ṣètò ijó, gba ẹ̀bùn. Ẹni tó ṣètò aṣọ gba ẹ̀bùn. Ẹni tó ṣètò ohùn náà gba ẹ̀bùn. Mo fò sókè, mo jó!

"Ó wá ku ẹ̀bùn eré orin tuntun tó dára jù. Gbogbo wa dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n ní, 'Memphis!' Eré mìíràn ni."

Mo bi í pé, "Ṣé ẹ sunkún?"

"Inú mi bàjẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ka ẹ̀bùn tiwa: ó pé mẹ́ta. Mo sì rí i pé eré kì í ṣe ti olórin nìkan. Ta ló rán aṣọ tí o wọ̀ yìí?"

"Màmá Àgbà ni."

"Ṣé o ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

Mo dákẹ́. Mo dìde, mo lọ bá Màmá Àgbà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣeun, Màmá. Aṣọ yìí dára."

Màmá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Kọ orin yẹn kí n gbọ́."

Mo nu ojú mi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ọ̀rọ̀ tuntun
díje: kí ẹni méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wo ẹni tí yóò borí
eré orin: eré tí a fi orin àti ijó ṣe
ṣètò: tò nǹkan kí ó lè dára

Ìbéèrè
1. Kí ló mú kí ọmọ náà sunkún?
2. Ẹ̀bùn mélòó ni eré Fela! gbà? Dárúkọ wọn.
3. Nígbà tí aago mẹ́jọ alẹ́ lù ní New York, aago mélòó ni ní Datcha?
4. Ta ló ràn ọ́ lọ́wọ́ lónìí? Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.