Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ: ÌWÉ ỌJÀ INÚ ÌKÒKÒ AMỌ̀

Bíbélì kíkà: Jeremáyà 32:6-15

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí ó yẹ kí a béèrè, kí a sì gbà sọ́wọ́, kí a tó san owó kọ̀ǹpútà alágbèéká.

ÌFÁÁRÀ

Ẹ̀kọ́ ti òní lè dà bí ẹni pé ti àwọn ọmọdé ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ń san owó rẹ̀? Bí ọmọ bá ti wọ yunifásítì, kò ní pẹ́ tí yóò fi béèrè kọ̀ǹpútà alágbèéká, èyí tí wọ́n ń pè ní láptọ́ọ̀pù. Àwa ìyá àti ìyá àgbà ni a ó kó owó àjọ, àwa ni a ó yá owó ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó tí a fi oṣù mẹ́wàá kó jọ, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a fi ń san án fún ẹni tí ń tà á. Nítorí náà ẹ̀kọ́ yìí kàn wá.

A ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́ àṣìṣe tiwa. Ní ọdún 2022, ọmọ ọmọ wa obìnrin rí ààyè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. A gba àjọ, a sì mú ₦185,000 lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a mọ ìyá rẹ̀ dáadáa. Ó pè wá ní Mọ́mì, ó gbé àga fún wa, ó sì fún wa ní omi tútù. Ó ní tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ náà ṣùgbọ́n ó dára bí tuntun, àti pé bí ó bá yọ wá lẹ́nu, kí a sáà gbé e padà wá. Ojú tì wá láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ọmọ tí ó ń pè wá ní Mọ́mì. Rìsíìtì tí ó kọ fún wa kò ju ìlà kan lọ: láptọ́ọ̀pù 1, àti iye owó. Kò kọ orúkọ ẹ̀rọ, kò kọ nọ́ńbà rẹ̀, kò sì kọ iye ọjọ́ tí a lè fi dá a padà.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ojú ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà, nígbà tí ó yá ó dúdú pátápátá. Nígbà tí a gbé e padà, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ní ọjọ́ 14 ni òun máa ń fún oníbàárà láti dán ọjà wò, àti pé kò tilẹ̀ dá òun lójú pé ẹ̀rọ tí òun tà ni èyí. A kò rí èsì kankan fọ̀, nítorí ìwé tí ó wà lọ́wọ́ wa kò mọ nǹkan kan. Ọmọ náà fi odindi sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ kan yá ẹ̀rọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò ní òru. Títí di òní, àwa àti ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ kí ara wa dénú mọ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

OHUN TÍ JEREMÁYÀ ṢE

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ibi tí a kà. Jeremáyà wà ní àhámọ́, ogun Bábílónì sì ti dó ti Jerúsálẹ́mù, nígbà tí Hánámẹ́lì wá ta ilẹ̀ kan ní Ánátótì fún un. Ẹ kíyè sí ohun mẹ́rin.

Èkíní, ẹni tí ó ta ilẹ̀ kì í ṣe àjèjì. Ọmọ arákùnrin bàbá rẹ̀ ni. Síbẹ̀ Jeremáyà wọn ṣékélì fàdákà 17 lórí òṣùwọ̀n.

Èkejì, ó kọ ìwé, ó fi èdìdì dì í, ó sì pe ẹlẹ́rìí.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀dà méjì ni ìwé náà: ọ̀kan tí a fi èdìdì dì, àti ọ̀kan tí a ṣí sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ó pàṣẹ fún Bárúkù pé kí ó kó ìwé méjèèjì sínú ìkòkò amọ̀, kí wọ́n lè pẹ́ láìbàjẹ́.

Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó sọ fún Jeremáyà tẹ́lẹ̀ pé Hánámẹ́lì ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá lè sọ pé ìgbàgbọ́ tó, kò sí ìdí fún ìwé, Jeremáyà ni. Ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀. Níhìn-ín ni kókó ẹ̀kọ́ wa wà: bíbéèrè ìwé kì í ṣe àìní ìgbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àìfọkàntán ará. Ìwé ni kò jẹ́ kí ìfẹ́ ará bàjẹ́ nígbà tí ọjà bá bàjẹ́.

OHUN MÉJÌ TÍ A MÁA Ń DÀ PỌ̀

Ìdápadà ọjà jẹ́ àdéhùn láàárín àwa àti ṣọ́ọ̀bù tí ó ta ọjà. Ó ń sọ iye ọjọ́ tí a lè fi gbé ọjà padà, àti bóyá owó ni wọn yóò dá padà ni, tàbí wọn yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan lè fúnni ní ọjọ́ 7, òmíràn ọjọ́ 14. Bí a kò bá béèrè, a kò lè mọ̀.

Wáráńtì yàtọ̀. Ìlérí ni pé bí ẹ̀rọ bá ní àbùkù láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ṣe é, a ó tún un ṣe tàbí kí a pààrọ̀ ohun tí ó bàjẹ́ nínú rẹ̀, láìgba owó. Fún kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun, ọdún 1 ni ó wọ́pọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ ni ó sábà máa ń fúnni, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ẹ béèrè ibi tí a ó gbé e lọ ní Nàìjíríà bí ó bá ṣàìsàn. Wáráńtì kì í sábà bo ẹ̀rọ tí ó já bọ́, tàbí èyí tí omi dà sí, tàbí èyí tí atúnṣe àdúgbò ti tú. Ọ̀pọ̀ ni kò bo èyí tí iná mànàmáná tí ó ṣẹ́jú jó. Ní ti bátìrì, àkókò tirẹ̀ lè kúrú ju ti ẹ̀rọ lọ.

Tòkunbọ̀ ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, wáráńtì ilé-iṣẹ́ ti parí kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tí ó kù ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó ń tà á. Bí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ni.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Láti ọdún 1992 ni ìjọba àpapọ̀ ti ṣe òfin tí ó dá ìgbìmọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà sílẹ̀. Òfin ọdún 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ni ó rọ́pò rẹ̀, òun ni ó sì dá àjọ tí a ń pè ní FCCPC sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú ohun mẹ́rin jáde nínú òfin náà.

1. Ẹni tí ó ta ọjà gbọ́dọ̀ fún wa ní àkọsílẹ̀ tí ó ní orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, ọjọ́ tí a ra ọjà, irú ọjà náà, iye rẹ̀ àti owó rẹ̀.

2. Bí ọjà bá jẹ́ àlòkù, tàbí tí a tún un ṣe kí ó lè dà bí tuntun, ó gbọ́dọ̀ hàn gbangba sí ẹni tí ń rà á.

3. Bí a bá sọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ọjà ṣe fún ẹni tí ń tà á, tí ọjà náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ náà, a ní ẹ̀tọ́ láti dá a padà láàárín àkókò tí ó bójú mu, kí a sì gba owó wa pé. Bákan náà ni ọjà tí a kò ní àǹfààní láti yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé e wá fún wa, bí èyí tí a rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

4. Àdéhùn tí ó fẹ́ gba ẹ̀tọ́ tí òfin fún oníbàárà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nítorí náà, bí a bá rí i tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọjà tí a bá ti tà kì í padà, kí ọkàn wa má ṣe pami. Ògiri kò ju òfin lọ.

KÍ A TÓ SAN OWÓ

Ẹ mú ọmọ tí yóò lo ẹ̀rọ náà dání. Kí ó sọ iṣẹ́ tí ó fẹ́ fi ṣe fún ẹni tí ń tà á, kí a sì kọ ọ́ sára rìsíìtì.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà níwájú yín. Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Ẹ yọ ṣájà kúrò, kí ẹ wo bóyá bátìrì rẹ̀ lè dá dúró fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ má ṣe kánjú.

Ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà ní abẹ́ ẹ̀rọ. Èyí tí ó wà lára páálí gbọ́dọ̀ bá a mu, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú rìsíìtì. Nọ́ńbà yìí ni a kò ní, tí ẹnu wa fi wọhò.

Ẹ béèrè pé: Ọjọ́ mélòó ni a lè fi dá a padà? Ṣé owó ni ẹ ó dá padà, tàbí ẹ ó pààrọ̀ rẹ̀? Oṣù mélòó ni wáráńtì? Kí ni kò bò? Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tí ó wà lórí rìsíìtì ni kí ó gbà á. Ẹ tọ́jú ẹ̀rí ìsanwó.

Nígbà tí ẹ bá délé, ẹ ya fọ́tò rìsíìtì, nítorí yíǹkì ara òmíràn máa ń parẹ́. Ẹ̀dà méjì, bíi ti Jeremáyà. Ẹ má sì tètè sọ páálí nù.

ÈYÍ TÍ ÀWỌN ỌMỌ Ń RÀ RÁNṢẸ́

Ọ̀pọ̀ wa ní ọmọ ní ìlú Ọba tí yóò rà á ránṣẹ́. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, kí wọ́n sì lò ó níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó sọdá òkun. Òfin ọdún 2015 níbẹ̀ fún oníbàárà ní ọjọ́ 30 láti dá ọjà tí ó ní àbùkù padà fún oníṣòwò, kí ó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá ti dé Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ta ni yóò gbé e padà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Ọ̀pọ̀ wáráńtì ni kò sì ní agbára ju ilẹ̀ tí a ti ra ọjà lọ.

BÍ Ó BÁ BÀJẸ́

Ẹ má ṣe gbé e lọ sọ́dọ̀ atúnṣe àdúgbò; bí ó bá ti tú u, wáráńtì lè ti bá ibẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí ó ń ṣe sílẹ̀. Ẹ tètè gbé e padà, torí ọjọ́ ń lọ. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé yín dání. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí wọn, kí ẹ pa ẹ̀dà kan mọ́. Bí wọ́n bá tún kọ̀, ẹ gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ FCCPC.

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Òtítọ́ kì í ṣe ti ẹni tí ń tà nìkan. Bí ọmọ wa bá da tíì sórí ẹ̀rọ, kí a má ṣe gbé e lọ pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rà á. Olè ni èyí náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tajà: aṣọ, bàtà, ohun ìdáná. Kí ni a ń sọ fún oníbàárà tí ó gbé ìkòkò jíjò padà wá? Ẹni tí ó ta ọjà erùpẹ̀ yóò gba owó òkúta.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ó dé tí Jeremáyà fi kọ ìwé pẹ̀lú ìbátan rẹ̀?
2. Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìdápadà ọjà àti wáráńtì?
3. Báwo ni a ṣe lè béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tí a mọ̀, láìbí i nínú?
4. Níbo ni rìsíìtì ohun olówó iyebíye tí o rà kẹ́yìn wà? Lọ wá a kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé.

ÀDÚRÀ

Olúwa, fún wa ní ọgbọ́n láti ná owó tí a fi òógùn wa kó jọ. Mú ìtìjú tí kò ní èrè kúrò lójú wa. Sọ wá di olóòótọ́ nígbà tí a bá ń rà àti nígbà tí a bá ń tà. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.