Okùn Tó Bá Ara Ẹ Mu

Àbúrò mi, sún mọ́ mi dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tọmọdé. O ní ìwọ àti bàálé ẹ fẹ́ràn eré okùn nínú yàrá, pé ẹ wo àwòrán kan, ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ni èjìká bá ń ro ẹ́ di ọjọ́ kejì. O wá ń bínú sí ara ẹ. Má bínú sí i o. Ẹni tó wà nínú àwòrán yẹn ò gbé aláìsàn mọ́jú.

Ṣebí o mọ iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe ní Hyattsville l'Amẹ́ríkà níbí: nọ́ọ̀sì ni, tàbí olùtọ́jú arúgbó. Wákàtí 12 lórí ìdúró, ká tó wọ ọkọ̀ ojú irin Green Line, ká bọ́ sílẹ̀ ní Hyattsville Crossing. Èjìká tó ti rí gbogbo ìyẹn, ẹ tún fẹ́ yí i sẹ́yìn dè? Shibari, eré okùn tí àwọn ará Jàpáànù ń ṣe, ara ọgbọ́n tí àwọn jagunjagun wọn fi ń de òǹdè láyé àtijọ́ ló ti ṣẹ̀ wá. Ìwọ kì í ṣe òǹdè ẹnikẹ́ni. Kí ọkọ ẹ de ọwọ́ ẹ méjèèjì síwájú, kí ìgbọ̀nwọ́ sinmi lórí ikùn; tàbí kí o jókòó, kó so ọrùn ọwọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ itan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tí orúnkún bá ń dùn ẹ́, má kúnlẹ̀, wá àga tó ní ẹ̀yìn. Ọlọ́mú ńlá tàbí oníkùn, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kó fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀.

Okùn tí wọ́n sábà ń tà kì í ju mítà 7 tàbí 8 lọ. Tí kò bá yí ẹ ká, okùn ló kúrú, ìwọ kọ́ lo tóbi jù. Ẹ so méjì pọ̀.

Ìwọ tó ti pọnmọ rí, o mọ̀ pé ọ̀já tó fẹ̀ kì í gé ni lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó wé okùn lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kó tò wọ́n pọ̀ pẹrẹsẹ, kí ìka méjì lè wọ abẹ́ ẹ̀, kí kókó ẹ̀ má sì fún mọ́ra nígbà tí o bá fà á. Ẹ̀yìn apá, lókè ìgbọ̀nwọ́, àti ẹ̀gbẹ́ ìta ẹsẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún, iṣan ìmọ̀lára súnmọ́ awọ ara níbẹ̀. Kí okùn yẹra fún un. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀, kó ní kí o gbé àtàǹpàkò sókè. Tí kò bá gòkè, tàbí tí ìka bá kú tipiri, kó tú u lójú ẹsẹ̀, kó má sọ pé ó kù díẹ̀. Ẹni dúdú ni wá, pípọ́n ara kì í tètè hàn, nítorí náà èékánná ni kó tẹ̀: kí àwọ̀ ẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Kí sísọ́ọ̀sì tí ẹ fi ń gé báńdéèjì wà nítòsí. Ọrùn ńkọ́? Rárá. Kó fi okùn gbé ẹ kọ́ sí àjà ńkọ́? Rárá. Kó má fi ẹ́ sílẹ̀ nínú okùn lọ gba ìpè.

Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti ń kú kò ní mọ̀ bí okùn bá fún jù, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ SS, lórí aṣọ ni kí okùn wà o, kó dẹ̀, kí ẹni náà mumi, kí yàrá má tutù.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé gbígbá mọ́ra ni wọ́n fẹ́, okùn kàn jẹ́ àwáwí. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí ọwọ́ kan wà lófo. Òmíràn sì fẹ́ jẹ́ ẹni tó ń dè. Bi ọkọ ẹ, ó lè yà ẹ́ lẹ́nu. Ẹ fẹnu kò sórí orúkọ ìlú kan tó máa dá gbogbo ẹ̀ dúró. Tí o bá pariwo “Ọ̀fà!” lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sẹ́ni tó máa rò pé eré ni. Tó bá wá di túláàsì, pé dandan ni kí o ṣe é, ìyẹn ti kúrò nínú ohun tí mò ń sọ. Àmọ́ tẹ́yin méjèèjì bá jọ fẹ́ ẹ, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní wèrè: ìwé DSM-5 tí àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2013 kò ka irú ẹ̀ sí àìsàn.

Àpá okùn lè wà lára di ọjọ́ kejì o. Tó bá jẹ́ pé aṣọ iṣẹ́ alápá péńpé lo máa wọ̀ láàárọ̀, itan ni kó dè.