Kọ̀ǹpútà àti Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Olùkọ́ lórí Ìbánisọ̀rọ̀ Ọmọ tí Ó Ní Ìpèníjà: Ipa Onímọ̀ Èdè Yorùbá

Ìfáàrà

Láwùjọ Yorùbá, ẹnu nìkan kọ́ ni a fi ń sọ̀rọ̀. Onílù a máa fi dùndún sọ̀rọ̀ kí ó sì yé ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù. Àwọn baba ńlá a máa di àrokò ránṣẹ́ sí ara wọn láìfọhùn. Àwọn àgbà sì bọ̀, wọ́n ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Síbẹ̀, bí ọmọ tí ahọ́n rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ bá wọ kíláàsì, ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ rò ni pé kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà ṣe lè tún èrò yìí ṣe, àti ohun tí onímọ̀ èdè Yorùbá ní láti fi kún un.

Ìdí tí Kọ̀ǹpútà fi Wúlò

Òfin tó de ìyàsọ́tọ̀ àwọn ènìyàn tí ó ní ìpèníjà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, sọ pé kí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní òṣìṣẹ́ tí a ti kọ́ láti tọ́jú ẹ̀kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Federal College of Education (Special) tó wà ní Ọ̀yọ́ ti wà láti ọdún 1977, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní abúlé kò lè fi kíláàsì sílẹ̀ lọ jókòó síbẹ̀.

Irú ìṣòro yìí kò yọ ìlú òyìnbó sílẹ̀. Ní ọdún 2008, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n pè ní Inclusion Development Programme. Orí kọ̀ǹpútà ni olùkọ́ kíláàsì lásán ti lè kọ́ nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti ìbánisọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Ní ọdún 2009, wọ́n fi ẹ̀kọ́ lórí autism kún un.

Àǹfààní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé fídíò ṣeé dá dúró, ó sì ṣeé tún wò. Bí àpẹẹrẹ, olùkọ́ inú fídíò lè béèrè pé, “Ta ni ó fẹ́ omi?” Ọmọ kan kò dáhùn, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ lọ sí ara ife. Kọ̀ǹpútà yóò dúró, yóò sì béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ pé, “Kí ni ọmọ yìí sọ?” Ẹ̀ẹ̀kejì tàbí ẹ̀ẹ̀kẹta ni ẹlòmíràn yóò tó rí i. Ẹ̀kọ́ kejì ni sùúrù: kí olùkọ́ ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú ara rẹ̀ kí ó tó tún ìbéèrè béèrè.

Ohun tí Èdè Yorùbá Béèrè

Púpọ̀ nínú pátákó alámì àwòrán àti ẹ̀rọ asọ̀rọ̀ ni a ti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ètò rẹ̀. Ìtumọ̀ lásán kò tó. Lákọ̀ọ́kọ́, ohùn ni ó ń pààlà láàrin ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́. Ẹ̀rọ tí kò mọ ohùn pè lè mú kí ọmọ tí ó fẹ́ wọ ọkọ̀ béèrè ọkọ́. Ó sàn kí a gba ohùn ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá sínú ẹ̀rọ náà. Lọ́nà kejì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún “o” àti “ẹ”. Ọmọ tí pátákó rẹ̀ kò ní ju “o” lọ yóò máa sọ fún ìyá àgbà pé, “Wá.” Wọn yóò ní kò lẹ́kọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ pátákó ni kò lẹ́kọ̀ọ́. Lọ́nà kẹta, kí “mi ò fẹ́” àti “ó ń dùn mí” wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọmọ tí kò lè kọ̀, tí kò sì lè fi ìrora hàn, kò sí lábẹ́ ààbò.

Ibi tí Agbára Kọ̀ǹpútà Mọ

Kọ̀ǹpútà lè fi ojú ọmọ han olùkọ́, ṣùgbọ́n kò lè bá a fẹ́ràn ọmọ náà. Ẹni tí ó parí ẹ̀kọ́ orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ lọ jókòó ti ọmọ gan-an, kí olùkọ́ tí ó nírìírí sì máa wò ó. Ó tún gbọ́dọ̀ béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ, nítorí ìyá ti ń ka ojú náà kí ilé-ẹ̀kọ́ tó mọ̀ ọ́n. Níbi tí iná àti íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ̀kọ́ náà wà lórí fóònù, kí a sì ya pátákó náà sórí páálí.

Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ àkànṣe nìkan. Akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá ni ó mọ ohùn, tí ó mọ ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀, tí ó sì mọ àrokò. Bí wọ́n bá pawọ́ pọ̀ ṣe ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà yìí ní èdè abínibí, ọmọ tí wọ́n ti pè ní aláìlọ́rọ̀ yóò rí ẹni gbọ́ tirẹ̀.