Ìwé Orúkọ Ṣáájú Ọpọ́n: Ẹ̀kọ́ lórí Ẹgbẹ́ Eléré àti Ìdíje Wọn

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti rò ó pé ó yẹ kí a dá ẹgbẹ́ ayò tàbí ti ṣẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ wa. Èrò rere ni. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé ìdíje kì í bẹ̀rẹ̀ lórí ọpọ́n. Inú ìwé orúkọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó bá ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn kan kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ ẹni tí ó mọ eré náà jùlọ.

Ní ilẹ̀ wa, ayò ọlọ́pọ́n kò ní ìwé orúkọ. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 4 nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ 48. Lábẹ́ igi odán, àgbẹ̀ lè bá ìjòyè ta, àlejò sì lè bá onílé ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bá di ti ẹgbẹ́, tí ó ní akọ̀wé, owó ẹgbẹ́ àti ife ẹ̀yẹ, a ní láti pinnu ẹni tí yóò wọlé àti ẹni tí yóò dúró síta. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Àpẹẹrẹ láti Sandton

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a wo Sandton, ní Johannesburg, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà. Ní 1969 ni ó di ìlú tí ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Orúkọ àdúgbò méjì, Sandown àti Bryanston, ni a pa pọ̀ sọ ọ́. Aládùúgbò rẹ̀ ni Alexandra, tí a tẹ̀dó ní 1912, níbi tí aláwọ̀ dúdú ti lè ra ilẹ̀ ní orúkọ ara rẹ̀. Títì ńlá kan ni ó là wọ́n láàrin. Ṣùgbọ́n òfin 1950, tí ó pín àdúgbò fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, kò jẹ́ kí ọmọ Alexandra fi Sandton ṣe ilé. Òfin 1953 sì fún àwọn alákòóso láyè láti ya ibi ìgbádùn ìlú sọ́tọ̀ fún ẹ̀yà kan láìka èkejì sí. Níbo ni ọmọ Sandton àti ọmọ Alexandra ìbá ti pàdé nídìí ọpọ́n kan?

FIDE, àpapọ̀ ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì gbogbo ayé, tí a dá sílẹ̀ ní Paris ní 1924, yọ Gúúsù Áfíríkà kúrò nínú ìdíje rẹ̀ ní 1974 nítorí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ní 1992 ni ó tó gbà á padà. Kì í ṣe pé àwọn eléré wọn kò mọ̀ ọ́n ta; bí ìjọba wọn ti pín ènìyàn ni ó lé wọn jáde. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, ẹ wo ẹni tí ó wọlé: ní 2014, Kenny Solomon, ọmọ Mitchells Plain ní Cape Town, àdúgbò tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà kọ́ fún àwọn tí ó lé kúrò ní ilé wọn, gba ife Áfíríkà ní Windhoek. Òun ni ó di Grandmaster àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà, èyí tí í ṣe oyè tí ó ga jùlọ nínú eré ṣẹ́ẹ̀sì.

Ní 1991 ni a fagi lé òfin 1950 náà. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbàgbé pé owó lè ṣe iṣẹ́ tí òfin ń ṣe tẹ́lẹ̀. Sandton di ibùjókòó àwọn oníṣòwò ńlá. Alexandra ṣì jẹ́ ibùgbé ọ̀pọ̀ tálákà. Bí owó ẹgbẹ́ bá wọ́n jù, títì ńlá náà tún di odi.

Bí a ó ṣe gba ọmọ ẹgbẹ́

Èkínní, kí owó ẹgbẹ́ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tálákà yóò fi lè san án. Ẹni tí kò bá ní, kí ó fi iṣẹ́ san án: kí ó máa to ọpọ́n, kí ó máa gbá iyàrá. Èkejì, kí a kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìwé kan náà, ọkùnrin àti obìnrin, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti dé. Ẹ̀kẹta, kí a ka òfin eré sí gbogbo wọn létí kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe adájọ́ nínú eré tí òun fúnra rẹ̀ ń ta.

Túndé Ọnàkọ̀yà fi irú èyí hàn wá nílé. Láti 2018 ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ṣẹ́ẹ̀sì. Kò dúró kí wọ́n wá ẹgbẹ́ wá. Òun ni ó gbé ọpọ́n tọ̀ wọ́n lọ.

Bí a ó ṣe pín àwọn eléré

Ká ní ọmọ 16 ni a ní. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó wà níwájú wa.

Bí ẹni tí ó pàdánù bá ń kúrò, eré 15 péré ni a ó ta. Ṣùgbọ́n ọmọ 8 yóò ti lọ sílé lẹ́yìn eré kan. Ta ni yóò fẹ́ padà wá?

Bí olúkúlùkù bá bá gbogbo ẹgbẹ́ ta, ó tọ́, ṣùgbọ́n eré 120 ni. Sáà ẹ̀kọ́ lè parí kí ìdíje tó parí.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí a lò ní Zürich, ní Súwísì, ní 1895. Kò sí ẹni tí ń kúrò. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹni tí àmì wọn bá dọ́gba ni a ń pín pọ̀, a kì í sì í pín ẹni méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìpele 4 ti tó fún ọmọ 16: eré 32, olúkúlùkù ta 4, bí kò bá sí ọ̀mì, ẹnì kan ṣoṣo ni kò ní pàdánù rárá. Bí wọ́n bá jẹ́ 15, ẹni tí kò ní alátakò gba àmì kan lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí ó má gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Èyí ni mo gbà yín níyànjú láti lò, nítorí pé ọ̀pẹ̀rẹ̀ tí ó pàdánù lówùúrọ̀ ṣì lè borí nírọ̀lẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìparí mi ni pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Kí ẹ tó ra ife, ẹ wo ìwé orúkọ yín, kí ẹ bi ara yín pé, ọmọ wo ni kò sí níbẹ̀, kí sì ni ìdí rẹ̀?

Ìbéèrè
1. Kí ni ìdí tí FIDE fi yọ Gúúsù Áfíríkà kúrò ní 1974?
2. Bí ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ́ 8, eré mélòó ni a ó ta ní ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?
3. Ṣe àlàyé bí owó ẹgbẹ́ ṣe lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn láìsí òfin.